Kútọnu Lálẹ́, Tí A Kùn ní Ìdáàṣà

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá aláṣọ dá iṣẹ́ padà fún bàbá mi, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí oníbàárà tó dán irú rẹ̀ wò rí. Gbogbo ìlú Ìdáàṣà ló mọ ọwọ́ bàbá mi. Òun ló ń kọ̀wé sára àwọn kàmíọ̀ tó ń gbẹ́rù lọ sí Parakou. Òun ló ya orí ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun sára pákó onígbàjámọ̀, òun ló sì ya ẹ̀rọ ìránṣọ sí ẹnu ọ̀nà àwọn aránṣọ mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń lérí pé tòun ló dára jù. Bí ẹnikẹ́ni bá rí lẹ́tà tó dúró ṣánṣán, tí kò wọ́ níbì kan, á ní, "Ọwọ́ ọkùnrin ẹ̀yìn àpáta nìyẹn." Ẹ̀yìn àpáta ni ilé wa wà.

Ìyá aláṣọ ní bùtíìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, níbi tó ti ń ta aṣọ láti orí àdìrẹ títí dé aṣọ òyìnbó olódòdó. Ọ̀kan lára àwọn Yorùbá Mùsùlùmí tó ń ṣòwò nílùú wa ni. Èdè rẹ̀ àti Ìdáàṣà tiwa jọra tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ ara wa, ṣùgbọ́n bí inú bá ń bí i, á máa yára sọ ọ́ débi tí bàbá mi á kàn máa wò ó lẹ́nu. Ọkọ rẹ̀ ti kú ní bí ọdún méjì ṣáájú. Nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, Kútọnu ni wọ́n ń gbé, ọkọ rẹ̀ sì ń tajà nídìí afárá tó kọjá lórí ọ̀sà. Lójoojúmọ́, bí wọ́n bá ti palẹ̀ ọjà mọ́, wọ́n á kọjá sí òdìkejì omi, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á bojú wẹ̀yìn wo ìlú bó ti ń tanná. Ohun tó fẹ́ kí bàbá mi yà fún un nìyẹn: Kútọnu lálẹ́, bó ṣe rí láti òdìkejì omi. Ó fẹ́ kó tóbi, kó gba ògiri tó wà lẹ́yìn ibi tó ń jókòó sí.

Bàbá mi kò dé Kútọnu rí. Kò sọ fún ìyá aláṣọ. Ó gba iṣẹ́ náà bó ṣe ń gba gbogbo iṣẹ́.

Nígbà àkọ́kọ́, ó mú pákó ńlá kan, ó ya ilé tó tò lọ gbọọrọ sára rẹ̀, iná ń bẹ nínú gbogbo fèrèsé wọn, ojú ọ̀run dúdú kirikiri, omi sì jẹ́ búlúù tó mọ́ kedere. Ìyá aláṣọ wá wò ó. Ó gbé orí sọ́tùn-ún, ó gbé e sósì.

"Ọ̀gá, àwọn ilé yìí dára," ó ní. "Ṣùgbọ́n omi ọ̀sán lẹ yà sábẹ́ alẹ́."

Bàbá mi fi ọ̀dà dúdú kun omi náà. Ó gbẹ, ó ń dán. Ìyá aláṣọ tún wá.

"Òkùnkùn rèé," ó ní. "Mi ò ní kí ẹ ya òkùnkùn fún mi. Alẹ́ ni mo ní kí ẹ yà."

Ó gbéra, ó lọ. Bàbá mi dojú pákó náà kọ ògiri, kò sì jẹun lọ́jọ́ náà.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà yẹn. Ọdún díẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lẹ́yìn òmìnira; àsíá tuntun tó wà níwájú ọ́fíìsì ìjọba kò tíì ṣá. Oṣù kẹrin tí mo ti Kútọnu padà wálé nìyẹn. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn màsọ́ọ̀, àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn tó ń kọ́ àwa ọmọbìnrin níwèé, ni mo wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn náà ni mò ń sùn. Ìyá mi ló ṣubú lórí àpáta nígbà tó ń ru iṣu bọ̀ láti oko òkè, eegun itan rẹ̀ sì dá. Èmi nìkan lọmọ obìnrin tí wọ́n ní, wọ́n ránṣẹ́ pé kí n máa bọ̀. Mò ń pọnmi, mò ń dáná, mò ń wẹ ìyá mi, bó bá sì di ìrọ̀lẹ́, mo máa ń fọ búrọ́ọ̀ṣì bàbá mi.

Mo mọ ohun tó ṣe àwòrán náà. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ti kun omi yẹn ní búlúù. Ṣùgbọ́n nínú ilé wa, a kì í dá sí iṣẹ́ bàbá mi. Bó bá ní lẹ́tà kan yóò pupa, pupa náà ni. Mo panu mọ́.

Ìyá mi ló tú àṣírí mi. Láti orí ẹní rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, níbi tí wọ́n na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí pẹ̀lú igi tí wọ́n fi dè é, kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ nínú agboolé tí kò rí.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀, "ọdún mẹ́ta lo fi gbé Kútọnu. Bàbá rẹ ń kun omi tí kò rí rí, ìwọ tó rí i ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Kí ló dé tí o dákẹ́?"

Bàbá mi gbójú sókè. Mo rò pé á bínú. Ó wò mí títí.

"Kí lo rí níbẹ̀?" ó bi mí.

Mo sọ fún un. Mo ní ibi tí a ń sùn lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì kọjú sí omi, mo sì máa ń dúró lójú fèrèsé lẹ́yìn àdúrà ìrọ̀lẹ́ títí màsọ́ọ̀ á fi lé mi lọ sórí ibùsùn. Mo ní omi kò dúdú, kò sì jẹ́ búlúù. Mo ní iná kọ̀ọ̀kan tó wà létí omi ló ní ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ náà gùn ju iná gan-an lọ, ó sì máa ń wọ inú omi wá sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wò ó.

"Ẹsẹ̀ báwo?"

Mo mú èédú, mo yà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Omi tẹ́ pẹrẹsẹ," ó ní. "Báwo ni iná á ṣe wá nàró gbọọrọ nínú ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ?"

Bàbá mi kì í ya ohun tí wọ́n sọ fún un, ohun tó bá fojú rí ló máa ń yà. Bó bá fẹ́ ya àkùkọ, á lọ jókòó ti àkùkọ. Kútọnu sì jìnnà, ìyá mi kò sì lè dá wà. Ìgbà náà ni mo rántí kòtò orí àpáta.

Ẹni tó bá mọ òkè Ìdáàṣà á mọ̀ pé orí àpáta wa ní ibi tó jìn wọlẹ̀ bí àwo. Lẹ́ẹ̀rùn, àwọn obìnrin máa ń sá gbágùúdá síbẹ̀. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, omi á kún inú rẹ̀. Èyí tó wà lókè ilé wa fẹ̀ tó yàrá méjì, òjò sì ti rọ̀ dáadáa lọ́dún náà. Mo ní kí bàbá mi jẹ́ ká gbé fìtílà lọ síbẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

A gun òkè, fìtílà méjì lọ́wọ́ wa. Ìyá mi ti ní ká gbé òun síta, kí òun lè máa gbọ́ wa. Mo gbé fìtílà kan sí òdìkejì omi, mo gbé èkejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo wá padà wá dúró ti bàbá mi. Ilẹ̀ ṣú díẹ̀ sí i. Àwọn iná náà sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀ nínú omi, gbọọrọ, títí dé iwájú wa.

Bàbá mi rìn lọ sọ́wọ́ òsì, ẹsẹ̀ iná tẹ̀ lé e. Ó rìn padà sọ́tùn-ún, ó tún tẹ̀ lé e. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ó ń bá mi lọ!" ó ké sí ìyá mi nísàlẹ̀. "Ibikíbi tí mo bá dúró sí, èmi ló ń kọjú sí!"

"Kí ló ń bá yín lọ?" ìyá mi ké padà.

"Iná!"

"Ẹ rọra o, kí ẹ̀yin náà má lọ ṣẹ́ lẹ́sẹ̀!"

Mo ju òkúta kékeré kan sínú omi. Ẹsẹ̀ iná náà já, ó di pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́, ọ̀kan lórí èkejì, gbogbo wọn ń dà síbí dà sọ́hùn-ún, kí wọ́n tó tún rọra so pọ̀. Bàbá mi ní kí n tún un jù. Mo jù ú títí apá fi ń ro mí. Òun ló wá fi ohun kan hàn mí tí mi ò fiyè sí ní gbogbo ọdún mẹ́ta tí mo fi dúró lójú fèrèsé. Ó ní iná inú omi kò mọ́lẹ̀ tó iná òkè, ó pọ́n jù ú lọ, bí ẹni pé omi ti mu díẹ̀ nínú rẹ̀. Mo wò ó, bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta la fi gun òkè yẹn. Ní ọjọ́ kẹta, bàbá mi ní, "Ó ti yé mi. Ṣùgbọ́n ọ̀dà mi kò lè ṣe é."

Òótọ́ ló sọ. Ọ̀dà kàmíọ̀ ló ń lò, ìyẹn sì máa ń gbẹ kíákíá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á le bí ìgbà tí a fi ọ̀bẹ gé e. Kò sí bí èèyàn ṣe lè fa àwọ̀ kan wọ inú òmíràn. Mo sọ fún un pé màsọ́ọ̀ kan wà nílé ẹ̀kọ́ wa tó máa ń tún àwòrán àwọn ẹni mímọ́ ṣe, èmi ni mo sì máa ń fọ búrọ́ọ̀ṣì fún un. Ọ̀dà tirẹ̀ wà nínú agolo rírọ̀ bí èyí tí wọ́n ń kó ọṣẹ ìfọyín sí, òróró ni wọ́n fi pò ó, ó sì lè wà ní tútù fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin.

"Ṣé o mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é?"

"Mo mọ gbogbo rẹ̀. Mo tún mọ ibi tí wọ́n ti ń rà á."

"Lọ sọ fún ìyá aláṣọ."

Mo bá a ní bùtíìkì, ó ń ká aṣọ. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Bàbá rẹ ló rán ọ?"

"Àwọn ni, mà. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta."

Ó dúró pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́. "Ẹ̀yin ta ni ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

"Èmi àti bàbá mi, mà."

"Ìwọ. Kí lo mọ̀ nípa alẹ́ Kútọnu?"

Mo sọ fún un nípa àwọn apẹja tó máa ń gbé fìtílà síwájú ọkọ̀ wọn, tí iná náà á máa lọ lójú omi bí ẹni pé kò sẹ́ni tó gbé e. Mo sọ pé èéfín ìdáná máa ń bo ilé ìsàlẹ̀, téèyàn kò fi ní rí ìdí wọn, òrùlé nìkan. Mo sọ bí òkè afárá ṣe máa ń dúdú ju ojú ọ̀run lọ. Ìyá aláṣọ kò dá mi dúró. Nígbà tí mo parí, ó fa àpótí kan yọ, ó mú bébà àti bírò fún mi.

"Kọ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ sílẹ̀. Kọ ọ́ ní Faransé, kí àwọn ará Kútọnu má lọ kó nǹkan mìíràn wá."

Mo kọ ọ́ lórí káńtà rẹ̀: búlúù méjì, àwọ̀ ilẹ̀ tí a sun níná, pupa rúsúrúsú, pupa kan, funfun, òróró rẹ̀ àti omi tí a fi ń bù ú là. Mi ò kọ dúdú. Awakọ̀ kan ló bá a mú un lọ. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, àpótí náà dé, wọ́n fi aṣọ tuntun wé e bí ọmọ.

Bàbá mi ti gé pákó, ó ti fi bébà oníyanrìn họ ọ́ títí ó fi ń yọ̀, ó sì ti fi funfun kun ún gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ fún un. Òwúrọ̀ la máa ń ṣiṣẹ́, lábẹ́ ibòji tó fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe nínú àgbàlá. Àwọn tó ń kọjá lọ sóko máa ń rẹ́rìn-ín pé oòrùn ń ta, àwa ń ya alẹ́.

Ibi dúdú la ti kọ́kọ́ jà.

"Níbo ni dúdú wà nínú àpótí yìí?" bàbá mi bèèrè.

"Kò sí níbẹ̀, Bàbá."

"Alẹ́ wo ni wọ́n ti ń yà láìsí dúdú?"

Mo po búlúù mọ́ àwọ̀ ilẹ̀ sísun. Ó jìn, ó sì tutù lójú. Mo fi kan igun pákó kan. Bàbá mi bu ọ̀dà dúdú tirẹ̀, ó fi kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A jọ dúró, a wò ó. Tirẹ̀ dà bí ihò tí wọ́n dá sára pákó. Tèmi dà bí ibi téèyàn lè gbà wọlé. Bàbá mi dé agolo dúdú rẹ̀, ó gbé e lọ sínú ilé.

Òun ló ya ìlú. Ó na okùn tó fi ẹfun pa, ó ta á sára pákó fún ìlà afárá, kò sí ibi tó tẹ̀. Ó ya àwọn ilé láti inú ohun tí mo sọ fún un àti láti inú orí ara rẹ̀. Nígbà tí ó kan èéfín, ó fa àkísà aṣọ ìyá mi kan ya, ó fi nu ẹ̀gbẹ́ àwọn ilé náà nígbà tí ọ̀dà ṣì tutù, àwọn ilé náà sì rọra bọ́ sẹ́yìn, wọ́n jìnnà sí wa. Mi ò kọ́ ọ ní ìyẹn. Màsọ́ọ̀ tó ń tún àwòrán ṣe gan-an kò ṣe irú ẹ̀ lójú mi rí. Ó fi ìka rẹ̀ po funfun díẹ̀ mọ́ pupa rúsúrúsú, ó fi ra yíká iná kọ̀ọ̀kan, gbogbo iná náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí nínú ìrì.

Lẹ́yìn náà ó nu ọwọ́, ó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Omi kù," ó ní. "Ìwọ lo ni omi."

Mi ò kun nǹkan kan fún oníbàárà rí láyé mi. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì, mo ya ẹsẹ̀ iná mẹ́rin. Wọ́n dúró gagaga bí òpó. Mo mọ̀ pé kò dára kí n tó gbọ́wọ́ kúrò. Bàbá mi na ọ̀bẹ sí mi, mo sì họ gbogbo rẹ̀ dànù. Ní ọjọ́ kejì, mo tún họ ọ́ dànù. Ní ọjọ́ kẹta mo ń sunkún, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ mi.

"Ọwọ́ rẹ lò ń wò," bàbá mi ní. "Yé wo ọwọ́ rẹ. Wo omi."

Mo pa ojú dé títí mo fi rí kòtò orí àpáta yẹn àti òkúta tí mo jù sínú rẹ̀. Mo wá fa iná wálẹ̀ sínú ọ̀dà tútù, kò le, kò sì dúró ṣánṣán, mo mú búrọ́ọ̀ṣì mìíràn tó gbẹ, mo gbà á kọjá lórí rẹ̀ pẹ́lẹ́bẹ́ láti òsì sí ọ̀tún, kò wúwo ju ìgbà tí èèyàn fọwọ́ kan orí ọmọ tó ń sùn. Ó já. Ó mì. Omi ni. Mo ké. Ìyá mi, tó ti lè jókòó lórí àga nígbà náà, ní, "Ẹ gbé mi súnmọ́ ọn, mo fẹ́ rí i." A gbé e dé ibẹ̀ tàga tàga.

"Hẹn," ó ní lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. "Èyí tó wà lápá òsì yẹn gùn jù. Iná rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀."

Òótọ́ ni. Mo gé e kúrú. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìkan, mo ya ẹsẹ̀ iná mọ́kànlá.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ kó tó gbẹ. Bàbá mi kò lè fojú kúrò lára rẹ̀. Òjò rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó dá, ìrọ̀lẹ́ sì dé, bàbá mi wá gbé fìtílà síwájú àwòrán náà kó lè wò ó. Èsúnsún ti jáde nílẹ̀ lẹ́yìn òjò. Wọ́n rí iná, wọ́n tú wá. Kí n tó sá dé ibẹ̀, bí ọgọ́rùn-ún wọn ti lẹ̀ mọ́ Kútọnu, púpọ̀ nínú wọn lórí omi, ìyẹ́ ń gbọ̀n. Bàbá mi ń fi fìlà lé wọn, bó sì ti ń lé wọn ló túbọ̀ ń tẹ̀ wọ́n mọ́ ọn. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di itan rẹ̀ mú, tó ń ní, "Ẹ má pa mí, ẹ má pa mí."

Ọjọ́ méjì la fi abẹ́rẹ́ ṣa ìyẹ́ èsúnsún kúrò. Mo tún ibi púpọ̀ kùn. Ṣùgbọ́n ibì kan wà ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún tí àwọn kòkòrò náà ti rìn kọjá, tí wọ́n ti fi ẹsẹ̀ họ ọ̀dà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì dà bí ìgbà tí atẹ́gùn bá kan omi. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ní kò burú, ó sì yẹ kí àwọn náà ní ìpín nínú iṣẹ́.

Ó gbẹ tán lẹ́yìn bí oṣù kan. Bàbá mi kò gbé e lọ fún ìyá aláṣọ. Ó ránṣẹ́ pè é.

Ó dé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú ìborùn funfun lórí. A ti gbé àga sílẹ̀ fún un. Bàbá mi ká aṣọ kúrò lójú àwòrán, ó sì kúrò níwájú. Èmi wà lẹ́yìn, mò ń fi ọwọ́ nu ara aṣọ mi.

Ìyá aláṣọ jókòó, ó tẹjú mọ́ ọn. Adìẹ kan kọjá níwájú rẹ̀, kò rí i. Nígbà tó yá, ó dìde, ó súnmọ́ ọn, ó na ìka sí ibì kan ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kò fọwọ́ kàn án.

"Ibí yìí la máa ń dúró sí," ó ní.

Ó padà jókòó. Ó fi ìborùn rẹ̀ nu ojú, ó wá bi bàbá mi léèrè:

"Ta ló ṣe omi?"

Bàbá mi lè sọ pé àwa méjèèjì ni. Kò ní parọ́ bó bá sọ bẹ́ẹ̀. Ó lè sọ pé òun ni, nítorí ilé rẹ̀ ni a ti ṣe é, kò sì sí ẹni tó máa já a nírọ́. Ó nàró bí ẹni tó dúró níwájú pẹpẹ.

"Ọmọ mi ni, mà. Èmi ya ilé àti afárá. Omi yẹn, èmi ò mọ̀ ọ́n. Òun ló kọ́ mi."

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyìn láyé mi lẹ́yìn ìgbà náà, nílé àti níbi tó jìnnà. Àwọn kan fi ìwé ránṣẹ́ sí mi. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára bí èyí tí bàbá mi sọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn lójú oníbàárà rẹ̀, pé ọmọ òun obìnrin kọ́ òun níṣẹ́. Orí mi wú. Mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ fi ojú sí, mo wo ìyá mi, ó sì ti gbé ojú rẹ̀ lọ sókè bí ìyàwó ọba.

"Ọkọ̀ apẹja kò tó," ìyá aláṣọ ní lójijì. "Wọ́n máa ń pọ̀ ju báyìí lọ."

Ara bàbá mi le. Ìyá aláṣọ wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, ọ̀gá. Àwọn tó kù ti lọ sùn."

Nígbà tí a máa gbé e lọ, ọkùnrin méjì tó wá gbé e fẹ́ fi aṣọ bò ó. Bàbá mi kọ̀. Ó ní kí wọ́n gbé e lọ ní ìhòòhò, kí ojú rẹ̀ kọ sí ìta. Bẹ́ẹ̀ la ṣe la ìlú kọjá, wọ́n wà níwájú, èmi àti bàbá mi tẹ̀ lé wọn. Àwọn tó wà létí ọ̀nà ń bèèrè pé ibo nìyí. "Kútọnu!" bàbá mi ń dáhùn. "Kútọnu lálẹ́! Ọmọ mi ló ya omi rẹ̀!" Ó sọ ọ́ níwájú ọjà, ó sọ ọ́ nídìí ibùdókọ̀ ojú irin, ó tún sọ ọ́ fún mọ̀pẹ́ẹ̀, àlùfáà tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò tilẹ̀ bèèrè.

Láti ìgbà náà, àwọn èèyàn kì í wọ bùtíìkì yẹn láìwo ògiri. Àwọn awakọ̀ tó ń ti Kútọnu bọ̀ máa ń dúró níbẹ̀ jiyàn. Ẹnì kan búra pé ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, ilé àbúrò ìyá òun ni; òmíràn ní irọ́ ni, ilé oníbúrẹ́dì ni. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló dá ilé náà sílẹ̀ láti inú orí rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ò já ẹnikẹ́ni nírọ́. Ní oṣù kẹjọ, nígbà tí àwọn tó ń lọ gbàdúrà ní Arigbo kún ìlú wa, àwọn ará Kútọnu pọ̀ nínú wọn. Wọ́n á ti ibi ihò àpáta Màríà bọ̀ wá ra aṣọ, wọ́n á dúró gbọn-in. Ìyá aláṣọ sọ fún mi pé obìnrin kan ní òun fẹ́ lọ sílé, bẹ́ẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ní oṣù kẹwàá, ìyá mi ti ń fi ọ̀pá rìn. Àwọn màsọ́ọ̀ kọ̀wé pé àyè mi ṣì wà bí mo bá fẹ́ padà. Bàbá mi ka lẹ́tà náà, ó fún mi, ó ní èmi ni kí n mú èyí tó wù mí. Mo fi ọjọ́ méjì rò ó. Mo dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé mo ti ríṣẹ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkùnrin kan tó ní ilé oúnjẹ ní Glazoué ránṣẹ́ sí bàbá mi pé kó wá ya ògiri òun. Ó ní òun ti rí ti ìyá aláṣọ. Òun náà fẹ́ alẹ́, òun fẹ́ omi, kí iná pọ̀ nínú rẹ̀. Ìránṣẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ń retí èsì.

"Sọ fún ọ̀gá rẹ," bàbá mi ní, "pé bó bá jẹ́ lẹ́tà ló fẹ́ kí wọ́n kọ, èmi nìyí. Bó bá jẹ́ alẹ́ àti omi, ọmọ mi ló ń pè. Á wá. Èmi náà á tẹ̀ lé e wá, mo máa gbé àkàbà rẹ̀."

Ìránṣẹ́ náà rò pé eré ló ń ṣe. Kì í ṣe eré. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, a bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn kàmíọ̀ kan ní Glazoué, láàárín iṣu tí wọ́n tò jọ ga ju orí wa lọ. Mo gbé àpótí ọ̀dà mi dání. Bàbá mi gbé àkàbà lé èjìká, ó dúró kí n kọjá síwájú, ó sì tẹ̀ lé mi la ọjà náà já, ó ń pariwo fún àwọn oníṣu pé kí wọ́n yẹra fún òṣìṣẹ́.